Ọ̀bẹ Wo Ni Kí A Mú Wọ Ẹgàn?

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná, kì í sì í ṣe ọ̀bẹ alápatà. Ọ̀bẹ kékeré tí a ń ká ojú rẹ̀ mọ́ inú èkù ni, èyí tí arìnrìn-àjò lè fi sí àpò láìwá àkọ̀ fún un. Mo ní láti ra ọ̀kan fún ìrìn-àjò wa sínú ẹgàn. Wíwá tí mo wá a láti Yaba dé Mushin ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè, nípa irin, àti nípa irú ojú tí ìlú fi ń wo àwọn ọmọ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ibi tí à ń lọ ni igbó ìjọba tí a ń pè ní Omo, ní apá Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó náà fẹ̀ tó 1,300 kìlómítà níbùú-lóròó. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé bá wa dá sí. Erin ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ igi àbáláyé mọ́. Wọ́n ti ro apá kan, wọ́n sì gbin igi Gmelina sí i nítorí ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba fẹ́ dá sílẹ̀ ní Ìwòpin; oko kòkó ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ayùn àwọn agégẹdú ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà fẹ́ lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ etí igbó náà, kí a lè gba orúkọ igi sílẹ̀ lẹ́nu wọn: arère, afàrà, ọ̀pẹ̀pẹ̀, ìrókò, ọmọ tí a fi ń gbẹ́ ìlù, àti àwọn mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Èkó kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Igi tí a bá gé tán nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ kú lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kánjú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ ṣàkíyèsí pé mo pè é ní ẹgàn. Igbó ni orúkọ gbogbogbòò. Igbó ẹ̀yìnkùlé pàápàá, igbó ni. Ẹgàn ni igbó ńlá tí àdá àgbẹ̀ kò tí ì kàn. Ìjù jìnnà sí ilé, ènìyàn kì í tẹ̀dó síbẹ̀. Ọ̀dàn ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ fọ́n káàkiri. Àṣàyàn ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ yìí. Ohun tó tó ènìyàn lò lọ́dàn kò tó o lò lẹ́gàn, nítorí pé inú ẹgàn tutù, omi ń kán láti orí ewé, òógùn kì í gbẹ lára, irin pàápàá sì ń làágùn níbẹ̀.

Bí ẹ bá sọ fún àgbẹ̀ kan pé ọ̀bẹ kékeré lẹ fẹ́ mú wọ ẹgàn, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àdá ni ọ̀gá níbẹ̀. Àwọn baba wa mọ àdá tí a ya ọ̀nì sí lára, èyí tó ń ti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá; wọ́n sì mọ àdá tí alágbẹ̀dẹ ìlú wọn rọ. Ẹni tí yóò ṣíwájú wa nínú igbó yóò mú àdá tirẹ̀ dání, a kò ní í bá a dù ú. Kí wá ni ọ̀bẹ kíká fẹ́ bá àdá ṣe? Mo ṣe ohun tí onímọ̀ èdè máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá díjú: mo kọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ní kíláàsì, mo fi iṣẹ́ mẹ́wàá han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì nínú àwòrán, mo ní kí wọ́n fi gbólóhùn Yorùbá kan ṣàpèjúwe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ "gé" sí gbogbo rẹ̀: gé ọsàn, gé igbó, gé ẹran, gé ẹ̀fọ́. Wọn kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ lójú ara wọn, nítorí pé nínú ilé tí wọ́n ti dàgbà ní Surulere tàbí Yaba, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í gé ohun gbogbo. À ń ṣán igbó, à ń bẹ́ ẹ̀ka igi lulẹ̀, à ń la igi ìdáná, à ń bó ọsàn, à ń rẹ́ ilá, à ń gbẹ́ èkù ọkọ́, à ń dú ẹran, à ń kun ún lẹ́yìn tí a bá ti dú u tán, à ń fá irun, à ń sín gbẹ́rẹ́. (Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ni "là", ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló sọ ohùn rẹ̀ di ti àárín. Ẹ má fi èyí ṣeré nígbà ìdánwò.) Ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló gbé irú irin tirẹ̀ lọ́wọ́, tó sì mọ bí apá ṣe ń jù àti bí ọwọ́ ṣe ń rìn.

Nígbà tí mo pín wọn sí ìsọ̀rí, ọ̀rọ̀ náà yanjú. Ṣán, bẹ́ àti là jẹ́ ti àdá. Apá ni a fi ń ṣe wọ́n, a sì ní láti gbé irin sókè kí ó tó sọ̀. Dú àti kun jẹ́ ti ọdẹ, ọ̀bẹ tí kì í ká, tó ń gbé inú àkọ̀ awọ, ló sì yẹ wọ́n. Àwọn tó kù fún ọ̀bẹ kíká ni iṣẹ́ ìka ọwọ́: gé okùn àgọ́, bó ọsàn, rẹ́ àlùbọ́sà, gbẹ́ pẹ́ńsù, gé báńdéèjì fún ẹni tó bá fara pa, bó èèpo igi díẹ̀ láti wo àwọ̀ inú rẹ̀. Ọ̀bẹ tí yóò ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí kò nílò kí ó gùn, kò sì nílò kí ó wúwo. Ojú tó gùn tó 8 sẹ̀ǹtímítà ti tó o.

Ó ku ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí n kò kọ sínú ìwé mi: gún. Kò sí iṣẹ́ kankan nínú ẹgàn tí a fẹ́ kí ọ̀bẹ kékeré fi gígún ṣe. Bí a kò bá fẹ́ gún nǹkan kan, a kò nílò ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí aṣóró. Mo fi èyí sọ́kàn, mo sì gba Mushin lọ.

Wọ́n ní igi iṣin ló sọ Mushin lórúkọ, láyé ìgbà tí àwọn ènìyàn ń wá ká èso rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, ariwo ọjà àti ọkọ̀ ló gba ibẹ̀ kan. Ọjà Ojúwọyè ni mo lọ, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà náà, ọmọkùnrin tí wọ́n bí tí wọ́n sì wò dàgbà ní àdúgbò yẹn. A bá ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta àdá, ọkọ́, àti ọ̀bẹ lóríṣiríṣi. Mo kí i:

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ajé á wọ̀ gbá o."

"Àṣẹ o, kọ́sítọ̀mà mi. Kí ni kí n bá yín mú?"

Mo ní ọ̀bẹ tí a ń ká ni mo fẹ́. Ó wò mí, ó wo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní: "Èyí tó ń wọnú ara rẹ̀ yẹn? Ta ló fẹ́ lò ó?"

Mo ní èmi ni, pé igbó ni mo ń mú un lọ. Ó tún bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mi fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Àdá tó gùn tó apá ènìyàn wà níta gbangba níwájú rẹ̀, ọ̀bẹ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ló wá fi pamọ́. Ó ní òun kì í tà á fún ọmọkùnrin tí òun kò bá mọ ilé bàbá rẹ̀.

Mo yan mẹ́ta nínú rẹ̀, mo sì na ọ̀kan sí akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí ó bá mi wo bí ó ṣe rọrùn sí lọ́wọ́. Kò gbà á. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ẹ má bínú, sà. Bí wọ́n bá rí i lápò yín, wọn á ní ọ̀bẹ ni. Bí wọ́n bá rí i lápò tèmi, wọn á ní ohun ìjà ni."

Ìyá ọlọ́jà mi orí. Ó ní: "Ọmọ yẹn gbọ́n."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. À ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í dá dúró, pé ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́ wà lára rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ọmọ yìí fún mi láàárín ọjà ju gbogbo èyí tó wà nínú ìwé mi lọ. Ohun kan náà ni, irin kan náà ni, orúkọ méjì ló ní, àpò ẹni tó bá wà ló sì ń pinnu èyí tí yóò jẹ́.

Òfin pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Òfin lórí ìdigunjalè àti ìbọn, tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọdún 1984, túmọ̀ ohun ìjà sí ohunkóhun tí a ṣe tàbí tí a tún ṣe láti fi pa ènìyàn lára, tàbí èyí tí ẹni tó mú un dání ní lọ́kàn láti fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ka àdá mọ́ ọn, ó ka ọfà, ọ̀kọ̀ àti kùmọ̀ mọ́ ọn, títí dórí igi, ìgò àti òkúta tó bá ṣeé fi ṣeni léṣe. Ṣùgbọ́n ta ló lè rí ohun tó wà lọ́kàn? Ojú ẹni tó mú ọ̀bẹ dání ni wọ́n ń wò, wọn a wo irun rẹ̀, wọn a wo àdúgbò tó ti jáde. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní Surulere, ní Yaba, àti káàkiri Nàìjíríà nítorí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS. Fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán ti tó láti sọ ọ̀dọ́kùnrin di afurasí nígbà náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ̀bẹ.

Láti ìgbà yẹn ni àṣàyàn mi ti yí padà díẹ̀. Bí ọ̀bẹ yìí yóò ṣe rí lójú ẹni tó bá tú ẹrù wa lójú ọ̀nà ti di ọ̀kan nínú ohun tí mo ń wò, bíi mímú rẹ̀ àti bíi èkù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ọ̀bẹ náà wò. Ojú ni ibi tó mú. Ẹ̀yìn ni ibi tó nípọn. Ṣóńṣó ni orí rẹ̀. Èkù ni ibi tí a ń dì mú. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wọ́n tún ní idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Òwe kejì yìí bá ọ̀bẹ kíká mu gan-an, nítorí èkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ tó bá fẹ́ wọlé nígbà tí ọwọ́ ẹni wà lẹ́nu ọ̀nà, ìka ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ní Yaba, a ó gbé ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́. Ní àárín ẹgàn, pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù tó sì ń yọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré fún ẹni tí òbí mẹ́fà fi ọmọ wọn lé lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni bí ó ṣe ń tì. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àwọn kan wà tí kò ní títì kankan; irin tó tẹ̀ mọ́ ìdí ojú wọn ló ń di í mú, bí a bá sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti nǹkan, yóò ká. Èyí ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀bẹ kékeré pupa ilẹ̀ Switzerland. Àwọn kan ní òrùka irin lọ́rùn, tí a máa yí kí ojú má bàa wọlé. Opinel ti ilẹ̀ Faransé ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn: ọdún 1890 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún 1955 ni wọ́n fi òrùka náà sí i. Àwọn kan sì ní ìkọ́ tí ń mú ìdí ojú láti ẹ̀yìn èkù. Àfi bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ó tó lè ká. Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọ̀bẹ onírú ìkọ́ yìí ní ìtàn tó kàn wá ní Áfíríkà: Okapi. Ní 1902 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti tà fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà; lónìí, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Àgbẹ̀ àti darandaran fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún di ohun ìjà ìgboro, bí irú rẹ̀ ṣe dà ní Jàmáíkà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ Mushin yẹn kò mọ sí Mushin.

Ohun kejì ni irin àti èkù. Irin lásán máa ń mú, ó sì rọrùn láti pọ́n, ṣùgbọ́n alẹ́ kan ṣoṣo nínú ẹgàn ti tó fún un láti dípẹtà. Irin tí wọ́n fi chromium sí, tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, lè fara da ọ̀rinrin. Ìyà rẹ̀ ni pé ó le láti pọ́n. Èkù igi dára lójú, ó sì gba ọwọ́, ṣùgbọ́n igi a máa mu omi, a sì máa wú. Bí èkù bá wú, ojú ọ̀bẹ yóò há mọ́ inú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣí i yóò wá máa fi eyín ṣe é. Ohun tí mo fi gbé Opinel onígi sílẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìrìn-àjò inú ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí n tó pinnu, mo yà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tí kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Sípríǹgì ọkọ̀ àlòkù ló fi ń rọ àdá, irin tó le tó sì ní ìfaradà. Mo bi í bóyá ó lè rọ ọ̀bẹ tí yóò ká. Ó ní: "Mo lè rọ ọ́, Dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ní oríkèé, oríkèé ni àìsàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ń sá sí." Kò sí ìwé tó lè ṣàlàyé ọ̀bẹ kíká jù báyìí lọ. Ó gbà mí níyànjú pé bí a bá ti dé àgọ́ lálaalẹ́, kí n ṣí i, kí n fi aṣọ gbígbẹ nu oríkèé náà, kí n sì kán àdín díẹ̀ sí i. Àdín kì í ba oúnjẹ jẹ́, ó sì ń lé omi.

Níkẹyìn, mo padà sọ́dọ̀ ìyá ọlọ́jà. Ó pe 9,000 náírà, a ná an, ó gba 6,500. Ọ̀bẹ tí mo rà kò ní orúkọ ńlá. Irin tí kì í tètè dípẹtà ni, ìkọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn èkù, ó sì dún "kẹ́" nígbà tí mo ṣí i, kò mì. Orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, kò ṣe ṣóńṣó. Èkù rẹ̀ jẹ́ ike aláwọ̀ ọsàn pípọ́n, àwọ̀ tí ó lè dà bí ti ohun ìṣeré lójú àwọn kan. Mo yan àwọ̀ náà nítorí ìdí méjì: bí ó bá bọ́ sínú ewé gbígbẹ, a ó rí i, bí wọ́n bá sì bá a nínú ẹrù wa, kò sí ẹni tí yóò rò pé a fi pamọ́ ni.

Inú àpótí oúnjẹ ni yóò wà, láàárín iyọ̀ àti ìṣáná, pẹ̀lú ìwé láti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa tó ṣàlàyé ibi tí à ń lọ àti ohun tí a fẹ́ ṣe. Èmi ni n ó jókòó ti àpótí náà títí a ó fi kọjá gbogbo àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Bí a bá dé ẹ̀bá igbó, n ó gbé ọ̀bẹ náà lé akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́wọ́, òun ni yóò sì máa bá wa rẹ́ àlùbọ́sà. Ó dùn mí pé ó di inú ẹgàn kí ọmọ Mushin tó lè mú ọ̀bẹ dání kí ó sì jẹ́ ọ̀bẹ lásán.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Mo ti ń pè é ní ọ̀bẹ kíká láti òkè wá. Ká bí a ṣe ń ká ẹní ni. Ẹ má ṣe pè é ní kíkà, nítorí ìwé ni à ń kà. Bí ẹ bá ní orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò yín, ẹ máa lò ó, kí ó má kú. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ ra ọ̀bẹ fún ìrìn-àjò, ẹ kọ ọ̀rọ̀-ìṣe yín sílẹ̀ kí ẹ tó mú owó lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun fẹ́ bó, òun fẹ́ rẹ́, òun fẹ́ gbẹ́, kì í ra ohun tí a ṣe láti fi gún.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a ó gbéra. Bí a bá dé láyọ̀, n ó kọ orúkọ àwọn igi tí a bá gbọ́ fún yín.

Ire o.